Ata Tó Pọ́n Lójú Mi, Ṣé Ó Pọ́n Lójú Rẹ?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama, àwọn òbí wọn àti àwọn ahunṣọ òfì sọ ní Ìlọrin nìyí. Mo tún un kọ sílẹ̀ kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè rí i kà.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin àlùfáà, ẹ̀yin ọ̀gá ahunṣọ tí ẹ sọ ọ̀kọ̀ kalẹ̀ lórí òfì kí ẹ tó wá, mo kí yín, mo sì dúpẹ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjókòó. Ìlọrin tí wọ́n ń kì pé ẹnu wọn dùn ju iyọ̀ lọ, ìlú tó mọ ọ̀rọ̀ gbọ́ ni, nítorí náà n ó lọ tààrà sí ohun tó gbé mi wá.

Ẹ wo tábìlì tó wà níwájú mi yìí. Òwú ni mo tò síbẹ̀, àjákù tí àwọn ọ̀gá wa ṣà jọ fún mi. Ó lé ní ogójì ìdì. Pupa wà níbẹ̀, àwọ̀ ewé wà, búráùn wà, àlùkò wà, eérú wà, àyìnrín wà, àwọn mìíràn sì wà tí ẹ ó máa jiyàn lórí orúkọ wọn. Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n ná.

Bàbá tó bí ìyá mi, àgbẹ̀ ni, ní abúlé kan lẹ́bàá Ọ̀fà. Ìyá mi máa ń sọ pé bàbá àwọn kì í já ata. Kò sí iṣẹ́ oko tí kò mọ̀. Ó mọ ilẹ̀ tí iṣu yóò ta sí, ó mọ ìgbà tí òjò máa dáwọ́ dúró. Bó bá ti dé ìdí ata, á pe ọmọ. Ó ti dá a já nígbà kan rí, ó já a kún agbọ̀n, ó gbé e délé, ìdajì rẹ̀ ni kò tíì pọ́n. Wọ́n ní kò fara balẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ tí àwa Yorùbá ń lò fún èso bẹ́ẹ̀: bí ata bá gbó, a ní ó pọ́n, bí nǹkan bá di pupa, a ní ó pọ́n. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan la fi sọ méjèèjì. Bàbá àgbà mọ èkíní, kò rí èkejì. Òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀ pé òun ò rí i, àwọn ará ilé ò sì mọ̀.

Ìyá mi ríran kedere, èmi náà sì ń ríran kedere. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni ọ̀rọ̀ bàbá àgbà wá fò lé lórí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí wọ́n mú un lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ahunṣọ kan, iṣẹ́ náà sì bá a lára mu. Ọwọ́ rẹ̀ yá, etí aṣọ rẹ̀ a máa gún régé. Lọ́jọ́ kan wọ́n gbé aṣọ ìgbéyàwó fún un. Búráùn ni aṣọ náà, irú àwọ̀ obì tó ti gbẹ, pẹ̀lú ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ òwú dídán láàárín. Òwú tán mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó nawọ́ sínú apẹ̀rẹ̀, ó mú ìdì mìíràn, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ó ti hun ún tó ọ̀pá mẹ́ta kí ọ̀gá rẹ̀ tó gbé aṣọ náà bọ́ sínú oòrùn. Láti ibi tí ìdì kejì ti bẹ̀rẹ̀, aṣọ ti di àwọ̀ ewé, ewé tó ṣú, bí ẹ̀fọ́ tó ti rọ.

Wọ́n nà án. Wọ́n ní oorun ló ń kùn. Mi ò bínú sí ọ̀gá náà mọ́, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ kò yé òun náà. Èmi ni mo gbé oúnjẹ lọ fún ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ náà, ojú mi ló ṣe. Ọ̀gá gbé ìdì òwú méjèèjì sókè, ó ní, "Kí ni àwọ̀ eléyìí?" Ẹ̀gbọ́n mi wò ó, ó ní, "Búráùn ni, bàbá." "Èyí ńkọ́?" Ó dákẹ́ díẹ̀. "Búráùn náà ni." Àwọn ọmọ iṣẹ́ yòókù bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé orí kunkun ló ń ṣe. Òótọ́ ojú rẹ̀ ló ń sọ.

Bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá nawọ́ sí ewé láyìíká ibẹ̀, á dá yín lóhùn pé àwọ̀ ewé ni. Bí ẹ bá nawọ́ sí ata ní ọjà, á ní pupa. Ó ti kọ́ orúkọ wọ̀nyẹn láti kékeré mọ́ ara nǹkan tó ń jẹ́ wọn, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ṣe ń mọ orúkọ àwọn ará ilé. Òwú tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ kò ní ewé lára, kò ní ata lára. Nígbà tí nǹkan tó ń gbé orúkọ ti kúrò níbẹ̀, ojú nìkan ló kù.

Ohun tí mo wá sọ nìyí: orúkọ àwọ̀ la jọ ní, ojú tó ń rí àwọ̀, oníkálùkù ló ni tiẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ojú méjì lè sá pamọ́ sẹ́yìn orúkọ fún ogójì ọdún kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ojú ṣe ń ṣe é. Nínú ẹyinjú, lápá ẹ̀yìn pátápátá, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tó tẹ́ bí ẹní. Ibẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wà. Àwọn kan, tí iye wọn lé ní mílíọ̀nù 90 nínú ojú kan, inú òkùnkùn ni wọ́n ti wúlò, ṣùgbọ́n wọn kò mọ àwọ̀ kan yàtọ̀ sí òmíràn. Ìdí nìyẹn tí gbogbo aṣọ fi máa ń di ọ̀kan náà nígbà tí iná bá lọ. Òru ò mọ olówó, kò sì mọ àlàárì yàtọ̀ sí ẹtù. Àwọn yòókù, bíi mílíọ̀nù 6, ló ń rí àwọ̀ lójú mọ́mọ́, wọ́n sì pín sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn kan ń gba ìgbì ìmọ́lẹ̀ tó gùn jù, àwọn kan ń gba ti àárín, àwọn kan ń gba èyí tó kúrú. Kò sí èyí tó dá mọ àwọ̀ nínú wọn. Ọpọlọ ló ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀kan wé ti èkejì, bí adájọ́ tó ń gbọ́ ẹ̀rí ẹlẹ́rìí mẹ́ta, kó tó ní pupa nìyí. Bí ẹlẹ́rìí kan ò bá yọjú sí kóòtù, tàbí tí ẹ̀rí ẹni méjì bá jọra jù, adájọ́ á ṣì dájọ́ lọ́jọ́ náà. Kò ní mọ̀ pé ẹnì kan kù.

Jíìnì, ìyẹn ìtọ́ni inú ara tí ọmọ ń jogún lọ́wọ́ òbí, èyí tó ń ṣe méjì nínú ẹlẹ́rìí mẹ́ta wọ̀nyí, orí krómósóòmù, okùn tí jíìnì tò sí, èyí tí wọ́n ń pè ní X, ló wà. Obìnrin ní X méjì. Bí ọ̀kan bá ní àléébù, èkejì á dí àlàfo rẹ̀. Ọkùnrin ní ẹyọ kan péré, kò ní àpamọ́. Báyìí ni nǹkan ṣe lè kúrò lára bàbá àgbà, kó gba ara ọmọ rẹ̀ obìnrin kọjá láìfi ara hàn, kó wá yọ lára ọmọ-ọmọ ọkùnrin. Nínú àwọn ọkùnrin tó ṣẹ̀ wá láti Yúróòpù, bíi 8 nínú 100 ni ọ̀rọ̀ àìlèmọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé yìí kàn. Nínú àwọn obìnrin wọn, bíi 1 nínú 200. Tiwa ní Áfíríkà kéré sí ìyẹn, àmọ́ nínú ilé-ìwé tó ní ọgọ́rùn-ún mélòó kan ọmọkùnrin, ẹ má retí pé ẹ ò ní rí ẹyọ kan.

Ẹni tó kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀ dáadáa fún àwọn onímọ̀, ara òun alára ló fi ròyìn. John Dalton ni, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì mọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ átọ́ọ̀mù. Ó ti dàgbà kó tó mọ̀ pé ojú òun yàtọ̀. Òdòdó kan ló tú u fó. Lójú oòrùn, òdòdó náà dà bí ojú sánmà lójú rẹ̀. Nígbà tó wò ó lábẹ́ iná àbẹ́là, ó ti pupa. Ó pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá wò ó, wọ́n ní àwọn ò rí irú ìyípadà bẹ́ẹ̀. Ọmọ ìyá rẹ̀ ọkùnrin nìkan ló rí ohun tí òun rí. Ní 1794, ó sọ ọ́ nínú ọ̀rọ̀ àsọyé kan ní ìlú Manchester. Ó gbà pé omi inú ẹyinjú òun ló ní àwọ̀ búlúù, ó sì ní kí wọ́n la ojú òun wò bí òun bá kú. Ó kú ní 1844, wọ́n la ojú náà, omi inú rẹ̀ mọ́ gaara. Wọ́n tọ́jú ohun tó kù nínú ojú náà pamọ́. Ní 1995, lẹ́yìn 151 ọdún, àwọn onímọ̀ yẹ jíìnì inú rẹ̀ wò, wọ́n sì rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà: ẹlẹ́rìí tó ń gba ìgbì ti àárín ni kò sí nílé. Ọkùnrin yìí wú mi lórí gan-an. Ó ṣi ìdí rẹ̀ mọ̀, àmọ́ ó fi ojú ara rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè tún òun ṣe.

Ẹ̀yin ahunṣọ, ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ fetí sílẹ̀ jù nìyí. Ní 1875, ọkọ̀ ojú irin méjì forí sọ ara wọn ní Lagerlunda, ní orílẹ̀-èdè Sweden, ènìyàn mẹ́sàn-án kú. Frithiof Holmgren, onímọ̀ kan níbẹ̀, fura pé ojú òṣìṣẹ́ kan ni kò mọ àmì pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Wọ́n ṣì ń jiyàn títí dòní bóyá ohun tó fa jàǹbá yẹn nìyẹn lóòótọ́. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí Ọ̀fà, tí ẹ mọ àsíá pupa àti àsíá àwọ̀ ewé tí wọ́n ń jù sí ọkọ̀ ojú irin, ẹ mọ̀ pé ìfura rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Kí ni Holmgren wá fi yẹ ojú àwọn òṣìṣẹ́ wò? Òwú! Òwú irun àgùntàn alárànbarà, nínú ìdì, bí èyí tó wà níwájú mi yìí. Á mú ìdì kan, á ní kí ẹni náà ṣa gbogbo èyí tó jọ ọ́ jọ. Kì í béèrè orúkọ àwọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, torí ó mọ̀ pé orúkọ lè purọ́. Ìgbà tó yá ni Shinobu Ishihara, dókítà ará Japan, gbé ìwé tirẹ̀ jáde ní 1917, èyí tó ní nọ́ńbà tí wọ́n fi àmì tótòtó ṣe, tí wọ́n ń lò títí dòní. Inú irú ìwé yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ti gbọ́ òótọ́ nípa ara rẹ̀, nígbà tó lọ yẹ ojú wò nítorí ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Ó ti lé ní ogójì ọdún nígbà náà. Ó pè mí lórí fóònù, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ṣé o rántí aṣọ ìgbéyàwó yẹn?"

Ẹlòmíràn á ní, ṣé kì í ṣe èdè wa ni kò ní orúkọ àwọ̀ tó? Funfun, dúdú, pupa, ó tán. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé dáadáa, ó sì máa ń dùn mí. Ọ̀rọ̀ tó ti pẹ́ ni. Ní 1858, Gladstone, tó padà di olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàkíyèsí pé nínú ewì Homer, akéwì Gíríìkì àtijọ́, wọ́n fi òkun wé wáìnì, orúkọ àwọ̀ kò sì pọ̀ níbẹ̀. Ó wá rò pé àwọn Gíríìkì àtijọ́ ò tíì lójú àwọ̀ bí tiwa. Ẹ jẹ́ ká gbé èrò yẹn lọ sí Ọjà Ọba. Gàrí tí wọ́n fi epo sí, pupa là ń pè é. Epo náà, pupa ni. Ẹ̀wà, pupa. Inú ẹyin, pupa. Ènìyàn tí awọ rẹ̀ mọ́lẹ̀, pupa. Ta ló ti ra gàrí pupa rí tó bínú pé kò dà bí epo? Orúkọ fẹ̀, ojú ò fọ́. Bí a bá sì fẹ́ tọ́ka sí ibi kan pàtó nínú rẹ̀, a ní pupa fòò, pupa rúsúrúsú, pupa yòò, ẹni tó ń gbọ́ á sì mọ ibi tí à ń lọ.

Ẹ dúró ti aláró rí. Aṣọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró kì í tíì dúdú rárá. Á máa ṣe bí ewé tó fẹ́ pọ́n, tó ń fà sí inú ẹyin. Afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i. Bí ẹ ṣe dúró tí ẹ ń wò ó, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú láti etí wá sí àárín, omi rẹ̀ á ṣì máa kán sílẹ̀. Aláró á tún tì í bọ inú ìkòkò. Bí kò bá pẹ́ níbẹ̀, àyìnrín ni yóò jẹ́. Bí wọ́n bá ń rẹ ẹ́ tí wọ́n ń sá a, á dé ibi tí dúdú rẹ̀ ti ń dán. Obìnrin tó mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró nínú gbogbo ìyẹn, ẹ wá ń sọ fún mi pé kò mọ búlúù torí pé ó pe gbogbo rẹ̀ ní dúdú?

Mi ò sọ pé orúkọ ò ṣe nǹkan kan o. Àwọn ará Rọ́ṣíà ní orúkọ méjì tó dá dúró fún búlúù, siniy fún èyí tó ṣú, goluboy fún èyí tó mọ́lẹ̀. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2007, ojú wọn tètè mọ ìyàtọ̀ láàárín búlúù méjì nígbà tí orúkọ wọn bá yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi yá kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Orúkọ lè ti ojú lẹ́yìn díẹ̀. Kò lè fi ojú síbi tí kò sí.

Ojú tó pé náà lè má fohùn ṣọ̀kan. Ẹ̀yin ọ̀gá wa mọ wàhálà aṣọ ẹbí orí WhatsApp. Ẹ ya àwòrán aṣọ òfì lábẹ́ páànù, ẹ fi ránṣẹ́ sí oníbàárà ní Èkó, ó ní eérú lòun rí, ẹ ní àyìnrín lẹ hun. Kò sí òpùrọ́ nínú yín. Ní oṣù kejì ọdún 2015, àwòrán aṣọ kan tí ìyá ìyàwó wọ̀ níbi ìgbéyàwó kan ní Scotland dá irú ìjà yìí sílẹ̀ káàkiri ayé. Búlúù àti dúdú ni aṣọ náà lóòótọ́. Nínú 1,401 ènìyàn tí àwọn onímọ̀ bi, 57 nínú 100 rí búlúù àti dúdú, 30 rí funfun àti wúrà, 11 rí búlúù àti búráùn. Ojú gbogbo wọn lè dára. Ìmọ́lẹ̀ ni wọn ò fẹnu kò lé lórí. Ọpọlọ máa ń yọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ kúrò kó tó sọ àwọ̀ aṣọ, ìdí nìyẹn tí aṣọ funfun yín fi ń jẹ́ funfun lábẹ́ igi, lábẹ́ gílóòbù àti lójú oòrùn. Àwòrán yẹn kò sọ irú ìmọ́lẹ̀ tó tàn sí i. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ gbà pé ibòòji ni, á yọ búlúù kúrò, á rí funfun; ẹni tí tirẹ̀ gbà pé iná ilé ni, á rí búlúù.

Ọmọ kan bi mí ní kíláàsì nígbà kan pé, "Màmá, tó bá jẹ́ pé pupa tèmi ni àwọ̀ ewé tiyín ńkọ́, báwo la ṣe máa mọ̀?" Ìbéèrè àgbà ni. John Locke, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti béèrè irú rẹ̀ nínú ìwé tirẹ̀ ní 1690: bó bá jẹ́ pé ohun tí òdòdó kan gbé wá sí ọkàn ẹnì kan ni òdòdó mìíràn tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ gbé wá sí ọkàn ẹlòmíràn, orúkọ tí wọn ó máa pè é kò ní yí padà. Mo ti ro ìbéèrè yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òwú Holmgren ò lè dáhùn rẹ̀, torí ohun tí ẹnì kan lè yà sọ́tọ̀ nìkan ni òwú ń fi hàn; bí nǹkan ṣe rí nínú ọkàn oníyẹn, kò fi hàn.

Síbẹ̀, mi ò rò pé ojú wa jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ kì í ṣe ewé kan tí ẹ lè yí ojú rẹ̀ dé kó má hàn. Àwọ̀ ìyeyè tó pọ́n máa ń mọ́lẹ̀ ju àlùkò lọ lójú gbogbo wa, ẹni tó bá ń rí ọ̀kan ní ipò èkejì á ti tú ara rẹ̀ fó. Ohun kan tún wà tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wo inú ojú àwọn ènìyàn tí ìríran wọn pé, wọ́n rí i pé iye ẹlẹ́rìí ìgbì gígùn sí ti àárín yàtọ̀ gan-an: lójú ẹnì kan wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, lójú ẹlòmíràn ó tó 16 sí 1. Wọ́n wá ní kí àwọn ènìyàn náà mú àwọ̀ òféèfèé tí kò fà sí pupa, tí kò sì fà sí ewé. Ibì kan náà ni gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ mú! Ó jọ pé ọpọlọ ń fi ayé tó ń rí lójoojúmọ́ ṣe òṣùwọ̀n, oòrùn kan náà, ewé kan náà, ó sì ń tún ojú rẹ̀ ṣe títí yóò fi bá ti aládùúgbò mu. Mo fẹ́ràn èyí púpọ̀. Ó ń sọ pé oòrùn tó ń ràn sórí gbogbo wa ló ń bá wa ṣe àdéhùn.

Fún ẹni tí ẹlẹ́rìí rẹ̀ kò pé, àdéhùn yẹn ò parí. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tó fi búráùn kun ewé máńgòrò, tó sì fi àwọ̀ ewé kun ara igi rẹ̀. Olùkọ́ kọ ọ́ sí etí ìwé pé kì í fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí bàbá àgbà nìyẹn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí ẹ̀gbọ́n mi. Mo ka á, ara mi bù máṣọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ wà, mo da òwú sílẹ̀, mo mú àwọ̀ ewé kan, mo ní, "Ṣa àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ wá." Ó ṣa ewé méjì, ó ṣa búráùn mẹ́ta, ó tò wọ́n sójú kan, ó gbójú sókè, ó ní, "Màmá, ṣé mo gbà á?" Mo ní ó gbà á. Kí ni n bá sọ? Lójú rẹ̀, ó gbà á.

Kò sí egbòogi tó ń tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ti padà sídìí òfì. Ìyàwó rẹ̀ ló ń so kókó sórí ìdì òwú fún un, kókó kan fún búráùn, méjì fún àwọ̀ ewé, ó sì ń hun aṣọ tí ẹ lè máa wọ̀ lára lónìí láìmọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, chalk pupa lórí pátákó tó ní àwọ̀ ewé, ẹ yé e, ẹ kọ ọ́ ní funfun. Ẹ̀yin ọ̀gá, kí ẹ tó na ọmọ iṣẹ́ nítorí òwú, ẹ da òwú sílẹ̀ níwájú rẹ̀ ná.

Ó tó. Ẹ bá mi ṣí fèrèsé ọwọ́ ìlà oòrùn yẹn, kí ẹ sì pa iná, ojúmọ́ la fẹ́ lò. Ẹ tò wá sídìí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò ní bi ẹnikẹ́ni ní orúkọ àwọ̀ kankan. Ọmọ mi ló wà ní ìlà iwájú yẹn, ó ti di ọmọ ọdún méjìlá. Ó ní òun lòun ó kọ́kọ́ ṣe é.